Àlàyé Lórí Gíga Ìjókòó àti Ìbàdí Tuntun ní Ilemona

Kókó tí àlàyé yìí dì mú kò gùn: ní Ilemona, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, àpótí ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀. Àpótí onígi kúkúrú nì ni mò ń wí, èyí tí kì í dé orúnkún, tí a fi ń dáná, tí a fi ń ṣe àlùwàlá, tí a fi ń ta ayò lábẹ́ igi. Èmi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ni mò ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ ọ kí aláìsàn wọn tó dé.

Orí egungun itan rí roboto, inú ihò ìbàdí ló sì ti ń yí. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, títí orí náà yóò fi kú tí yóò sì rún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún fi lè máa tiro. Ní ti àgbàlagbà, oríkèé lè jẹ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí èèyàn yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ kí ọrùn egungun náà ṣẹ́. Àwọn oníṣègùn eegun wa ti to apá àti ojúgun púpọ̀, a kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú àpò oríkèé ni ọrùn egungun itan wà, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó nǹkan, bó bá sì ṣẹ́, okùn àti pákó kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí pé oṣù mélòó kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lórí ẹní kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Pípààrọ̀ oríkèé ni ojútùú. Ọdún 1962 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ John Charnley, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orí irin sínú ife oníke, tó sì fi símẹ́ńtì eegun mú wọn dúró. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti òní ṣì dúró lé, títí kan ti ilé ìwòsàn eegun Igbobi ní Èkó, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Nígbà tó kan tèmi, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, ara mi kò mọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n etí mi là sílẹ̀: mo gbọ́ ayùn, mo gbọ́ òòlù. Ní ọjọ́ kejì ni físíò gbé wọ́kà dé.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká dìde.”

“Lónìí yìí?”

“Lónìí náà ni, sà.”

Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tí kò rìn, kó sì gbéra lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń fún wa lábẹ́rẹ́ ní ikùn, tí wọ́n sì ní ká máa mi àtẹ́lẹsẹ̀ sókè-sódò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn ìbàdí wọlé, bí wọ́n ti ṣe fún mi, iṣan ẹ̀yìn tó ń di oríkèé mú ní láti jinná, èyí sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Láàárín ìgbà náà, itan kò gbọdọ̀ ká kọjá igun dìgírì 90, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lórí èkejì, ìka ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yí sínú. Dókítà tó bá gba iwájú wọlé lè fún èèyàn ní òfin mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wá fi òfin 90 yìí wọn ilé wa wò. Ẹni tó bá jókòó lórí àpótí, orúnkún rẹ̀ ti ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Ṣáláńgá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kúṣìn pálọ̀ tó ti rì náà kò dára, ọ̀kadà kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Ní ilé mi, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n gé ìdí àga oníke kan fún ilé ìgbẹ́, ọmọ mi obìnrin sì ń bu omi búútà sí mi lẹ́sẹ̀ nígbà àlùwàlá kí n má baà bẹ̀rẹ̀. Orí àga ni mo ti ń kírun, ẹ̀sìn sì gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀.

Ìkíni ló ṣòro jù. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó wá kí i, bó bá sì jẹ́ obìnrin, yóò fẹ́ kúnlẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà, ẹ tètè sọ̀rọ̀ kó tó gbéra: “Dúró bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, mo ti gbà á.” Ẹnu yín nìkan ló lè tú u sílẹ̀.

Bí ìrora bá sì ṣàdédé dé, tí ẹsẹ̀ kúrú tó sì yí sínú, oríkèé ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi òrí pa á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.