Ta Ló Kú Nínú Kọ̀ǹpútà?

Láti Sátidé tó kọjá, mi ò gba iwájú ilé akápò ẹgbẹ́ wa kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà bí olè, ní Alajue níbí, l'Ẹ́dẹ, níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní Ẹ̀ńjíníà.

Èmi ni mo ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ́dún 2012. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ PHP ni mo fi kọ ọ́: tẹ nọ́ńbà rẹ, kí o rí iye owó rẹ. Wàhálà kankan ò sí, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà dé.

"Bọ̀ọ̀dá, PHP lẹ ṣì ń lò? Ṣebí ó ti kú!"

Ó ká mi lára. PHP tí Wikipedia ń lò, títí kan ti Yorùbá? PHP tí WordPress dúró lé? Lóru mọ́jú ọjọ́ ìpàdé ọdún, mo wọ sáfà lọ, mo gbé wa kúrò lórí PHP 5.6 bọ́ sórí PHP 8. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ agbádá. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níwájú. Mo tẹ nọ́ńbà Ìyá Akápò. Ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú, àfi ìlà kan lókè:

Fatal error: Uncaught Error: Call to undefined function mysql_connect()

Tíṣà àgbà kan wà láàárín wa tí wọn kì í rí òyìnbó kí wọ́n má kà á sókè. Wọ́n wọ awò. "Fatal."

"Kí nìyẹn ń jẹ́?"

"Ó jẹ mọ́ ikú."

Ìyá Akápò ká ọwọ́ lérí. "Ta ló kú? Ẹ̀ńjíníà, ṣé owó wa ni?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, fọ́ńṣàn kan ni PHP ò mọ̀ mọ́.

"Fọ́ńṣàn? Ẹ gbọ́ o, ó ti fi owó wa ṣe ìnáwó!"

Kí n tó la ẹnu, ẹnì kan ti di agbádá mi mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí wọn ò jẹ́ kí n ṣe é lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ ni mysql_connect, òun ni PHP fi ń ṣílẹ̀kùn ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Lọ́dún 2013, PHP 5.5 kìlọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yìí ń lọ. Lóṣù Kejìlá 2015, PHP 7 jù ú nù. mysqli àti PDO ló kù, àwọn tó lè ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àlejò tẹ̀, kí olè má baà fara pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà wọlé. Ṣé mi ò gbọ́ ìkìlọ̀ ni? Mo gbọ́. Èmi ni mo fi àmì @ síwájú mysql_connect, torí iṣẹ́ @ ni kó pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. PHP 8 ló wá ní @ ò gbọdọ̀ bo àṣìṣe aṣekúpani mọ́.

Síbẹ̀ inú ń bí mi o! Gbogbo ẹni tó ń kéde ikú PHP, ta ló yẹ kóòdù mi wò nínú wọn? Èdè tó jáde lọ́dún 1995 ṣì ń gba àtúnṣe lọ́dọọdún. Kóòdù tèmi ló jẹrà.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, mo dá ìkànnì padà sí PHP 5.6 lójú ẹgbẹ́, owó yọ jáde, kọ́bọ̀ kan ò dín. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2018 ni wọn ò ti tún 5.6 ṣe mọ́, nítorí náà mo jókòó lálẹ́ Sọ́ńdè, mo kó gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí mysqli, mo sì yọ @ dànù.

Ẹgbẹ́ bu ìtanràn kéréètì míníráàlì méjì fún mi. Mo ti san ọ̀kan.