Iyán Lè Dúró, Awakọ̀ Kì í Dúró

Òrè, ìkóríta ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, níbi tí a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní ọdún 1967, kò tíì ṣíwọ́ dídá ènìyàn dúró: lónìí, iyán àti ẹran ìgbẹ́ ni ó ń dá èrò ọkọ̀ Èkó sí Bìní lọ́nà. Níbẹ̀ ni èrò méjì tí kò mọ ara wọn rí yóò ti fi áàpù Xender so fóònù wọn pọ̀; ọ̀kan yóò di ọ̀gá, yóò tan Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀, èkejì yóò wọlé tọ̀ ọ́, odidi fíìmù yóò sì kọjá láìgba orí òpó ìbánisọ̀rọ̀, láìná kọ́bọ̀ dátà, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìfẹ́ àwọn fóònù náà kì í jìnnà: bí fíìmù bá ku díẹ̀ kí ó délẹ̀, tí awakọ̀ fọn fèrè, tí ọ̀kan gba ọ̀nà Bìní, tí èkejì gba ọ̀nà Oǹdó, ẹni tí ń gbà á kò ní mọ ẹni tí ó pa baálé ilé nínú fíìmù náà láéláé. Nítorí náà, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ẹ gba fíìmù tán kí ẹ tó bu òkèlè.