Owó-Orí Tí Kì Í Ka Orí Ọmọ

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í fetí sí eré tó wà nínú rẹ̀ mọ́: kọ́ kan náà là ń kọ́ ọmọ, òun náà là ń kọ́ ilé. Iṣẹ́ méjèèjì ń jẹ owó, wọ́n sì ń jẹ ọdún, ṣùgbọ́n àwọn tó ni òwe fi ọmọ ṣáájú, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí tọmọ bá ti bàjẹ́, kò sí bíríkì tó lè gba ilé sílẹ̀. Àwọn aṣòfin wa ní Àbújá ti wá bá wa tún un pa. Òfin Owó-Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún náà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ní kí òṣìṣẹ́ yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó ń san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó bu owó-orí lé èyí tó kù, bí ohun tó yọ kò bá ti ju 500,000 náírà lọ. Ẹni tó yá owó kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé lè yọ èlé owó náà. Òfin yìí rántí owó ìfẹ̀yìntì, ó rántí owó ìlera, ó rántí owó ìbánigbófò lórí ẹ̀mí. Ilé wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀, ogbó wà níbẹ̀. Ọmọ kò sí níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé bó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú òfin tó wà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, òbí lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó 2,500 náírà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ mẹ́rin. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 16 lọ. Bó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ tàbí kó máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ọgbọ́n wà nínú gbólóhùn yẹn o: ọmọ tí à ń kọ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe ọmọ tí a kàn bí. 2,000 náírà tún wà lórí ìyá tó jẹ́ opó tàbí ìbátan tí ogbó tàbí àìlera ti dá jókòó, títí dé ẹni méjì. Àmọ́ iye náà dúró sójú kan bí òkúta inú odò nígbà tí náírà ń ṣàn lọ lórí rẹ̀. Lábẹ́ ìwọ̀n owó-orí ti ọdún 2011, bí ẹni tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n ń gba ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, bá ka ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, gbogbo ohun tí yóò kù sí i lápò ní ọdún kan jẹ́ 2,400 náírà. Wọn kò fi kún un. Òfin Ìnáwó ti ọdún 2019, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ló pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sunkún, torí òkú náà ti gbẹ tipẹ́ kí wọ́n tó gbé e sin.

Àwọn kan máa ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú síbí yìí. Wọ́n ní kí ni 2,500 náírà fẹ́ ṣe lónìí, ṣé kò sàn ká mú ẹ̀tàn kúrò nínú òfin? Òótọ́ ni pé kò lè ra bàtà ilé-ìwé kan. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn aṣòfin kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ iye tó ti gbó di tuntun nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ilé: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ, kì í ṣe iye kan tí yóò máa kéré bí ọjà ṣe ń wọ́n. Bí owó ilé bá gbówó lórí, ẹ̀dínwó á bá a gòkè títí tí yóò fi dé òpin tí wọ́n fà. Kí ló dé tí wọn kò fi irú ìdá bẹ́ẹ̀ sórí owó ilé-ìwé? Ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí a jọ ń ra èròjà ọbẹ̀ lọ́wọ́ ara wa, òṣìṣẹ́ tó ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ń rí ẹ̀dínwó 600 sídì gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ mẹ́ta. Kò pọ̀. Àmọ́ ọmọ wà nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ká mú òṣìṣẹ́ méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gba 150,000 náírà lóṣù, ìyẹn 1,800,000 lọ́dún. Ká fi owó ìfẹ̀yìntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná kí ìṣirò má baà lọ́ pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò tíì bímọ. Ó gba ilé ní 300,000 lọ́dún, òfin sì yọ 60,000 fún un. Òfin tuntun kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti 940,000 tó kù, ìyẹn 141,000. Ẹnì kejì bí ọmọ mẹ́rin, inú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló sì ń gbé, bí ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìlú ti ń ṣe ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ohun tó máa yọ. 150,000 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ẹnu márùn-ún fi 9,000 náírà ju ẹni tó ń bọ́ ẹnu kan lọ. Bí òun náà bá fẹ́ ìdẹ̀rùn, àfi kó kó àwọn ọmọ jáde nílé baba rẹ̀, kó lọ gba yàrá lọ́wọ́ onílé. Ìmọ̀ràn tí òfin ń fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin nìyẹn, bí a bá kà á dáadáa.

Mi ò sọ pé òfin yìí kò fúyẹ́ ju ti àná lọ. Lábẹ́ ti ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì yìí ìbá san 155,600 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ń gba 100,000 lóṣù ìbá san 78,000 níbi tó ti ń san 60,000 báyìí. Ẹni tó ń gbèjà ìjọba á tún fi kún un pé wọ́n ti mú owó-orí ọjà kúrò lórí oúnjẹ, ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilé-ìwé. Ó ṣe é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ra púpúrú àti gààrí lọ́wọ́ ẹni tó dín in kò bá owó-orí ọjà pàdé rí, ìdẹ̀rùn yẹn kò sì lè dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ju bó ṣe dẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti 800,000 tí wọn kò fọwọ́ kàn, ohun dáadáa ni, àmọ́ àpọ́n àti ọlọ́mọ mẹ́fà ló jọ ń jẹ ẹ́ bákan náà. Àwo kan náà ni wọ́n bu fún ẹnì kan àti fún ilé kan, wọ́n wá pè é ní dọ́gbadọ́gba.

Àtakò tó gbọ́n jù ni ti irọ́. Wọ́n ní bí a bá dá ẹ̀dínwó ọmọ padà, gbogbo òṣìṣẹ́ á di bàbá ọmọ mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ìyàwó méjì á máa ka ọmọ kan náà. Ẹ̀rí owó ilé ńkọ́? Ṣé ìwé ẹ̀rí owó tí onílé fọwọ́ kọ ló ṣòro láti yí ni, tàbí ọmọ tó ní ìwé ìbí, tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí kò sì lè jókòó ṣe ìdánwò JAMB láìní nọ́ńbà náà? Kì í ṣòro fún ìjọba tó fẹ́ gbowó láti ka ọmọ. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san owó-orí, ọmọkùnrin sì di ọdún 16. Wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn débi pé ó wà lára ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi jà, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949 kó tó padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìgbà tí à ń gba owó, a mọ orí wọn kà. Ìgbà tó di pé ká dín owó kù nítorí wọn, òǹkà sọnù.

Ọmọ náà kò kúkú kúrò nínú òfin pátápátá. Ó ń dúró níwájú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré ń san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn bí owó ìdàgbàsókè, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì ń lọ sí àpò tí wọ́n fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Nígbà tí ọmọ Òde-Ìrèlè bá wọ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa nítòsí, ó lè yá a, kò sí èlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó wá rí iṣẹ́, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa gé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ títí gbèsè á fi tán, owó-orí tirẹ̀ náà á sì máa lọ. Bàbá rẹ̀ san owó-orí lórí owó tó fi kọ́ ọ. Òun náà á wá san owó tí wọ́n fi bá bàbá rẹ̀ kọ́ ọ.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí Òkìtìpupa àti Ìrèlè wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé orí ẹni kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn èèyàn bínú, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní Ẹkùn náà nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti bíi 457,000 sí 811,432 láàárín ọdún kan. Owó-orí tó wúwo ni, ṣùgbọ́n ọmọ ló lọ bá. Amẹ́ríkà náà ti fi owó-orí dán irú rẹ̀ wò: ní ọdún 2021, wọ́n mú ẹ̀dínwó ọmọ wọn gòkè fún ọdún kan ṣoṣo, òṣì láàárín àwọn ọmọdé sì wálẹ̀ sí ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ti gbà á padà, ó di 12.4 ní ọdún 2022.

Àmọ́ ká má ti ọ̀rọ̀ náà sórí Àbújá nìkan. Àwọn aṣòfin kò mú ìwà yìí wá láti òkè òkun. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àwa la kọ́ ilé alájà méjì sí ìlú tí a kì í dé àfi nígbà Kérésìmesì, tí a fi aṣọ́nà sí ẹnu géètì rẹ̀, tí ọmọ àbúrò tó ń gbé nítòsí rẹ̀ kò sì rí ẹni san owó ìdánwò fún un. Àwa là ń yin ẹni tó kọ́lé, tí a kì í béèrè ẹni tó kọ́. Ẹni tó bá ti wo ilé bẹ́ẹ̀ títí, tó wá di aṣòfin, ilé ló máa kọ sínú òfin.

Owó-orí owó oṣù wa, àpò ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń lọ, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló ń kọ òfin rẹ̀. Ẹkùn Òkìtìpupa àti Ìrèlè ní aṣojú kan níbẹ̀. Kí ẹ tó bi í léèrè títì àti iná mànàmáná nígbà tó bá wá sílé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: abala tí owó ilé wà yẹn, ìgbà wo ni wọ́n máa fi owó ilé-ìwé sí i?