Ọmọọba Jẹ Gbèsè, Ìlú Kù

Ìyá Bísí, ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná, kẹ́ ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ New Braunfels, ìlú kan ní Texas? Àwọn ará Jámánì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1845, ọjọ́ Ẹtì Rere gan-an. Ọmọọba ló kó wọn débẹ̀, Carl ti Solms-Braunfels. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú ilé wọn ló rán an níṣẹ́. 1,111 dọ́là ló fi ra ilẹ̀ náà, létí odò Comal, níbi tí omi tútù ti ń ru jáde láti abẹ́ àpáta! Ẹni tó bá kó iye yẹn wá síbẹ̀ lónìí, wọ́n á ní kó jókòó mumi, kó máa lọ.

Carl ní òun máa kọ́ odi sórí òkè fún àfẹ́sọ́nà òun, Sophie. Ó sọ ọ́ ní Sophienburg. Orúkọ ti délẹ̀, ìyàwó ò sí níbẹ̀! Sophie ní òun ò wá. Èmi ò bá a wí o. Ilé onítì igi lásán ni wọ́n rí kọ́ síbẹ̀. Kò tó oṣù méjì, ọmọọba ti gbéra. Ó dé Galveston, àwọn tó jẹ lówó dì í mú ṣinṣin. Meusebach tó wá rọ́pò rẹ̀ ló dúró fún un.

Àwọn tó tẹ̀ lé e wá wọ̀gbẹ́. Ní 1846, ogun Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò bẹ́, àwọn ológun gba gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn àlejò tuntun há sétí òkun nínú òjò. Àìsàn wọlé, ọ̀pọ̀ kú sójú ọ̀nà. Àwọn tó yè dáko, wọ́n fi odò yí ọlọ. Nígbà tó di 1852, wọ́n ti ní ìwé ìròyìn tiwọn lédè Jámánì. Ìkànìyàn 2020 ní wọ́n ti lé ní 90,000. Àjọ̀dún sọ́sééjì ni wọ́n sì ń ṣe lọ́dọọdún.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín gan-an rèé. Àwọn ọmọ òrukàn tí àìsàn yẹn fi sílẹ̀, Pásítọ̀ Ervendberg àti ìyàwó rẹ̀ kó wọn sílé. Ó ṣeun, àbí? Ní 1855, pásítọ̀ kan náà bá ọ̀kan nínú àwọn òrukàn yẹn sá lọ sí Mẹ́síkò. Ẹ máa dákẹ́ o! Ọmọ tí wọ́n jọ tọ́ lábẹ́ òrùlé kan náà!