Ẹ Bá Mi Gba Ẹ̀rọ Agégi Mi Lọ́wọ́ Àwọn Atúnṣe

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀dùn ọkàn mi kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti onílé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn àna mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ẹjọ́ tí mo lè rò nípa gbogbo wọn. Pọ́ǹpù ni. Pọ́ǹpù kékeré kan tó fara sin sínú ẹ̀rọ agégi tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, òun ló sọ mí di ẹni tí gbogbo àdúgbò Beyerunka ń kí pé, "Ẹ kú ìnáwó."

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ igi rí lè rò pé eyín ṣéènì nìkan ló ń gé igi. Ọ́ìlì wà níbẹ̀ o! Bí ẹ́ńjìnnì bá gbaná dáadáa, ṣéènì ẹ̀rọ agégi ń sáré tó nǹkan bí mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn lé ní kìlómítà 70 ní wákàtí kan, eré tí takisí Máíkírà kankan kò lè sá láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, àfi bí awakọ̀ bá ń bá gbogbo èrò inú ọkọ̀ jà. Irin ló sì ń sáré lórí irin. Láyé àwọn bàbá wa, bọ́tìnnì kan wà tí agégi máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí ọ́ìlì tó dà. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe èyí tó ń da ọ́ìlì fúnra rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì nínú tánkì, ó ń tì í gba ihò tín-ń-tín kan bọ́ sínú báà, ìyẹn irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká. Agégi kò ní ṣe wàhálà kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

Wàyí o, pọ́ǹpù tèmi daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí ìrókò kan tó kú lórí ìnàró, lẹ́yìn agbo ilé kan l'Ọ́jà'ba, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì ń rú èéfín, ó ń dẹ̀, ojú irin báà sì yí padà di àwọ̀ aró. Bàbá kan dìde lórí àga, ó ní olúwéré inú ìrókò ló ń bínú, kí n da epo pupa sí ìdí igi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ni kò rí ọ́ìlì mu, igi kọ́." Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo da epo pupa. Igi mu tirẹ̀, ẹ̀rọ mi kò rí ẹ̀kán kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n gé igi. Iṣẹ́ àwọn kan ni kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Mo fún olúkúlùkù ní iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Bẹẹrẹ. Kò wo báà, kò wo ihò ọ́ìlì. Kabúrétọ̀ ló kọ́kọ́ tú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o, ọ́ìlì ṣéènì ni kò dà." Ó ní kabúrétọ̀ ni orísun gbogbo àìsàn. Ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, irin kékeré kan sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Eléyìí ò wúlò, àwọn òyìnbó kàn fi sí i ni." Ó gbowó. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọ́ìlì nìkan ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀, kò wá gbaná mọ́ rárá.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ti gbó, ẹ lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àjákù." Ó gbó? Ẹ gbójú sókè wo orí òkè. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Ọdún yẹn náà ni Andreas Stihl, ará Jámánì, gbé ẹ̀rọ agégi tó ń lo bẹntiróòlù jáde, èyí tó wọn kìlógíráàmù 46, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí nǹkan gbó, kí ọmọ iṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ gun òkè lọ bá Màpó, kó sọ fún un pé kó kó ẹrù rẹ̀. Màpó ń gba ọ̀dà, wọ́n sì ń ṣe ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ọ̀dà. Ihò kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n bá mi là.

Mo dé Géètì láti ra pọ́ǹpù mìíràn. Ẹni tó ń ta páàtì kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní ó wà. Ó yọ pọ́ǹpù kan jáde nínú ọ̀rá, ó ní ojúlówó ni, tòkunbọ̀ láti Jámánì; lẹ́tà Ṣáínà ló sì kún ara ọ̀rá náà. Mo gbé e sójú ihò, kò wọ̀. Ó ní kí n fi fáìlì ha á díẹ̀. Mo ní èwo ni kí n ha, ẹ̀rọ ni àbí pọ́ǹpù? Ó ní èyí tó bá rọ̀ nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́ o, nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àpò mi nìkan ló rọ̀.

Agégi ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́ìlì tuntun tí mò ń rà ló ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Kí n lọ gba ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ irin ló kún inú rẹ̀, òun ló sì ń jẹ pọ́ǹpù run. Kò tún ki, ṣéènì á ti fọ́n ọn dànù kó tó dé orí báà. Ẹnìkan ní kí n kúkú da epo pupa sínú tánkì, nítorí Ògún kì í kọ epo. Ọ̀rọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú: ní Yúróòpù, wọ́n ń lo òróró tó ti ara ewéko wá fún ṣéènì, kó má baà ba ilẹ̀ igbó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀yẹ́ bá dé, tí epo pupa dì, ta ni yóò máa bá mi gbé ẹ̀rọ agégi yá iná láàárọ̀?

Nígbà tó sú mi, mo gba irin "tí ò wúlò" yẹn padà, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣe: mo tú báà. Ìyẹ̀ igi ti pò mọ́ ọ́ìlì, ó ti gan pa sínú ihò. Irin agbòòrùn àtijọ́ ni mo fi la ihò náà. Mo fi bẹntiróòlù fọ asẹ́ inú tánkì. Mo la ibi tí tánkì ń gbà mí, nítorí bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, ọ́ìlì kò ní ráyè jáde. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí pọ́ǹpù ti sán. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀? Kò sóhun tó ṣe é! Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo kọjú báà sí paálí, ọ́ìlì sì fa ìlà gbọọrọ sára rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti tàn. Bàbá Ọjà'ba ní epo pupa ìdí ìrókò ló jẹ́ ẹ. Ti Bẹẹrẹ ní kabúrétọ̀ tí òun fọ̀ ni. Ti Géètì ní pọ́ǹpù tuntun tí òun gbé jáde ló dẹ́rù ba ti àtijọ́. Gbogbo wọn ń retí kí n wá dúpẹ́, wọn ò sì retí mi lọ́wọ́ òfìfo.

Ogbó kọ́ ló ń pa ẹ̀rọ nílùú yìí, ìtọ́jú ni. Ní báyìí, tèmi ń jò díẹ̀díẹ̀ sórí símẹ́ǹtì lóru, ìyàwó mi sì ní kí n tètè wá ẹni tó máa tún un ṣe. Mo ní paálí ni mo máa tẹ́ sí i nídìí. Nítorí náà, ẹni tó bá pàdé èmi àti ẹ̀rọ mi ní Bẹẹrẹ, kó kí wa kú iṣẹ́, kó sì máa lọ. Bó bá sì béèrè àlàáfíà ẹ̀rọ, kó rọra sọ̀rọ̀, kí mẹkáníìkì má gbọ́.