Eyín Tó Lọ Ìbàdàn

Bàbá àgbà kan, Yorùbá tó ti pẹ́ ní Du, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos, ni eyín rẹ̀ rìnrìn àjò láìdágbére fún un. Agbádá àrán ni wọ́n háyà fún un láti Ìbàdàn, torí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí iyán dé, bàbá yọ eyín àtọwọ́dá, ó wé e sínú tíṣù, ó tì í bọ àpò agbádá. Ẹran ló nílò eyín, iyán kò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ká agbádá, wọ́n gbé e lọ sí gáréèjì Bùkúrù, wọ́n fi wébíìlì dá a padà fún aláṣọ. Jos sì rèé, òkè tó ga tó bíi mítà 1,200, nínú ọyẹ́: eyín gbogbo àdúgbò ń lu ara wọn péképéké, ti bàbá nìkan ló ń yá oòrùn n'Íbàdàn. Wọ́n pe aláṣọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé agbádá ti tún jáde lọ sí òde kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, tàpòtàpò, àti pé ìwé àdéhùn kò sọ nǹkan kan nípa eyín. Nígbà tí eyín ti òde tí wọn ò pe bàbá sí dé, ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́. Dírẹ́bà ní dandan ni kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú páálí sí i lára. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù, olóòótọ́ èèyàn, kọ ọ́ gàdàgbà: EYÍN BÀBÁ, TÒKÈ TÌSÀLẸ̀. Dírẹ́bà kà á, ó gbé páálí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ọkọ̀ òun kì í gbé ẹ̀yà ara èèyàn, òun lọ́mọ nílé.