Òdòdó Tí Kì í So

Òdòdó owó ni ìdì náírà tuntun tí wọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi gúlúù àti igi tín-ínrín há, tí wọ́n wá fi bébà aláràbarà àti ríbọ́ọ̀nù dì bí òdòdó ọwọ́ ìyàwó. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá ṣe ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé e lọ́wọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi máákà kọ orúkọ sára ẹ̀wù funfun rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ fi ta ni lọ́rẹ. Èkejì ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yáwó ṣe fún ara rẹ̀, tó wá bẹ ọ̀rẹ́ kó gbé e wá bá òun níwájú kámẹ́rà, kí òun lè la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì yìí ló gba àlàyé.

Owó ni wọ́n fi ń ra owó níbẹ̀. Ẹni tó ń ta náírà tuntun á gba èrè tirẹ̀ lórí i, ẹni tó ń ká a á gba owó iṣẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, ka lílu owó, fífún un pọ̀ àti fífi pín-ìn há a mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí owó ìtanràn rẹ̀ kò lè dín ní 50,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á tú òdòdó palẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa fi èékánná ha gúlúù kúrò lára 200 náírà, torí oní-POS ẹnu géètì kì í gba owó tó lẹ̀ mọ́ra.

Inú fóònù ni wọ́n ti ń yá owó náà, lórí áàpù tó ń yáni lówó, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ 20,000. Áàpù yọ 4,000 sílẹ̀ fún èlé. 16,000 ló wọlé, 20,000 ló sì gbọ́dọ̀ padà láàárín ọjọ́ 14. Bí ó bá ń san èlé nìkan láti fi sún un síwájú fún ọdún kan gbáko, ìgbà 26 ni yóò san 4,000. Èlé 104,000 nìyẹn lórí 16,000, gbèsè 20,000 ṣì wà nílẹ̀ digbí.

Yorùbá ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà: ẹni tó jẹ 1,200 owó ẹyọ mọ́lẹ̀ kò ní rí òmíràn yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yìí gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sílé olówó. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹgbẹ̀fà fúnra rẹ̀ yóò máa wá ẹni tí yóò yá a kiri, tí yóò máa dún nínú àpò ṣòkòtò lóru. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ́gi dí ti àkọ́kọ́, ti kejì á là gbàgàdà, yóò sì fi san ti àkọ́kọ́. Bí ó bá san lásìkò ńkọ́? Wọ́n á yìn ín, wọ́n á ní ó ti lè yá 35,000 báyìí. Gbèsè tó tóbi sí i ni èrè ọmọlúàbí.

Ọ̀nà ìsingbèsè náà ti yàtọ̀. Láyé àtijọ́, ológò a lọ dógò ti ajigbèsè, a jókòó sílé rẹ̀, a máa pariwo títí owó fi jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri Èkìtì dé, àwọn òṣómàáló, tí wọ́n ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn yóò fi gbowó àwọn. Ẹnu ọ̀nà ajigbèsè nìkan ni wọ́n ń ló o sí. Áàpù ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe ìlànà ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn áàpù wọ̀nyí ní 2022. Google fòfin de kíkó nọ́ńbà inú fóònù ẹni tó yáwó láti 31 oṣù karùn-ún 2023. Síbẹ̀, bàbá lè dúró lórí ebè iṣu ní Ìpáò, ní Èkìtì, kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé ọmọ rẹ̀ ti di gbájúẹ̀. Bàbá á pè é: owó kí ni? Ọmọ á ní owó òdòdó ni, sà. Òdòdó kòkó ni bàbá mọ̀, ìyẹn a sì máa so.

Kí bàbá tó bínú jù, ó yẹ kí wọ́n rán àwọn àgbà létí ohun kan. Ní 1972, ìjọba fi òfin 25 dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ní 1993 ó di Báńkì Ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ tó yá nínú rẹ̀ kàwé yege, wọ́n ríṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọn kò sì rántí ọ̀nà ọ́fíìsì náà mọ́ títí owó fi gbẹ. Àwọn tó ń pa òwe ẹgbẹ̀fà fún ọmọ lónìí, igi ọwọ́ wọn ló wó dí ọmọ náà lọ́nà.

Ó tó 2024 kí wọ́n tó gbé igi kúrò. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 3 oṣù kẹrin ọdún náà gbé NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kalẹ̀: kò sí èlé, ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, sísan rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ títí ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Fún àtijẹ-àtimu, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba 20,000 lóṣù. Iye òdòdó kan nìyẹn.

Ilé ìwé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àdáṣe jẹ́ dandan ní yunifásítì, ọgbà Ọ̀yẹ́ àti ti Ìkọ̀lé ní Èkìtì kò yọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti po ọṣẹ níbẹ̀, tí wọ́n ti sín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí owó yíyá kò nílò ju ọ̀sán kan lọ: kí wọ́n gbé ojú ìwé àdéhùn áàpù kan sára pátákó, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò 26 ní 4,000 fúnra rẹ̀, kí wọ́n wá gbé káàdì alájọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú 31 ló wà lára káàdì, ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́ á kó 15,000. Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Ìkọ̀lé mọ èyí láìwo káàdì. Ẹgbẹ̀rún kan péré ló fi dín sí 16,000 tí áàpù fi ránṣẹ́, ríbọ́ọ̀nù àti bébà nìkan sì ju ìyẹn lọ.